Kí ni ẹ ó sọ fún ara yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ yunifásítì?

Àǹtí Ṣeun, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ilé wa, ọmọ ọdún 17, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan. Medicine ló fi sínú fọ́ọ̀mù JAMB, 254 ló gbà nínú 400, Microbiology ni wọ́n fún un. Láti ìgbà tó ti rí i, oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. Bàbá wa ní kó gbà á kó máa lọ. Màmá wa ní kó jókòó sílé, kó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n bá a sọ ọ́, torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì nílé wa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé irú rẹ̀ gan-an ló ṣe mí ní 2008. Pharmacy ni mo fẹ́, Botany ni wọ́n fún mi. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá mi lọ. Odidi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé mo máa tó yí kọ́ọ̀sì mi padà. Mi ò ra ìwé, mi ò lọ sí practical déédéé, mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ nínú kíláàsì torí mo rò pé mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èsì ọdún náà jáde, ó di 1.87 nínú 5. Ẹ̀ka wo ló fẹ́ fi ìyẹn gba èèyàn? Ọdún mẹ́ta tó kù ni mo fi ń gbé e, 2:2, ìyẹn second class lower, ni mo sì fi jáde.

Bí mo bá lè padà lọ bá Ṣeun ọjọ́ náà, níbi tó dúró sí lẹ́nu géètì pẹ̀lú àpótí àti fóòmù ìbùsùn rẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún un. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ó sọ fún ara yín? Ohun tí ẹ bá sọ ni mo fẹ́ kà sí àbúrò mi létí.

Ọmọ Èkìtì

Kó tún JAMB ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi ṣe é. Wọ́n fún mi ní Zoology, mo kọ̀ ọ́. Wọ́n fún mi ní Animal Science, mo kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Medicine bọ́ sí i. Dókítà ni mí lónìí. Ohun tí n ó sọ fún ara mi ọmọ ọdún 17 ni pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú tì í sínú ohun tí kò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Wálé, Ṣàgámù

Dókítà, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹni tí tiẹ̀ bá bọ́ sí i ló máa ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lèmi ṣe é, láti 2003 dé 2007. Ilé bàbá mi ni mo wà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ àfikún, àwọn tí a jọ jáde níléèwé girama sì ti ń múra láti lọ sin ilẹ̀ baba wọn. Nígbà tí mo máa fi wọlé, Economics náà ni mo gbà, mo sì ti pé ọdún 23.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹni tó bá ti ju ọdún 30 lọ kó tó jáde, wọn ò ní pè é sí NYSC mọ́, ìwé pé a yọ ọ́ kúrò ni wọn ó fún un. Ìyẹn kì í ṣe ìyà, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń kọ ọ́ síta pé ẹni tí àwọn fẹ́ kò gbọdọ̀ ju 26 lọ, ó dùn mí gan-an.

Kí n tó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi ni pé JAMB nìkan kọ́ ni ọ̀nà. JUPEB wà, IJMB wà, ètò ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì ni méjèèjì. Ẹni tó bá fi ọdún kan ṣe ọ̀kan nínú wọn, tó sì yege dáadáa, lè fi Direct Entry wọ 200 level, ìyẹn ọdún kejì, tààrà. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ jókòó sílé lóòótọ́, kó má jókòó lásán.

Ìyá Mọ́yìn, Ọ̀tà

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ka Microbiology gan-an sọ̀rọ̀.

Èmi náà sunkún. Nursing ni mo fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sunkún nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo fi aṣọ bo orí kí àwọn tí a jọ wà nínú yàrá má baà rí mi. Gbogbo ọdún àkọ́kọ́, mi ò rí ohun kan níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. CHM 101, PHY 101, MTH 101, BIO 101, kò sí ohun tó jọ Microbiology nínú gbogbo rẹ̀.

Ní 200 level ni olùkọ́ wa kan ní kí oníkálùkù mú omi ògì wá láti ilé. Ìyá mi ń ta ògì kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé tiwa wá nínú ìgò ọlọ́sàn. A kán an sórí gíláàsì, a gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, mo sì rí wọn, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá kéékèèké, wọ́n tò lọ. Olùkọ́ ní àwọn wọ̀nyí, àwọn Lactobacillus, ló ń mú ògì kan, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí ògì tètè bàjẹ́. Ó ní nínú irú tí à ń fi se ọbẹ̀, Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń gbóná bí èèyàn bá fi bọ igbá irú tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin tí kò mọ̀wé ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n sì mọ iye ọjọ́ tó yẹ kó lò. Mo pe ìyá mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni kọ́ọ̀sì náà di tèmi.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu ni mo wà báyìí. Èmi ni mo ń yẹ omi wò, tí mo ń yẹ ìgò wò, tí mo sì ní agbára láti sọ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró bí nǹkan ò bá dára. Ibi tí mo ti ṣe SIWES mi, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níléeṣẹ́, fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti pè mí padà.

Bí mo bá rí ara mi lábẹ́ aṣọ yẹn, n ó kàn jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Kò tíì mọ ohun tó ń sunkún lé lórí.

Tọ́pẹ́ 4real

Ìyá Mọ́yìn, ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé tó bá parí Microbiology, ó tún lè ṣiṣẹ́ ní láàbù ọsibítù, tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ó ti sún mọ́ Medicine nìyẹn.

Alàgbà Láàbù

Tọ́pẹ́, ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n kó tó wọlé. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò fún aláìsàn ní ọsibítù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ MLSCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù ìṣègùn. Ẹni tó bá ka Medical Laboratory Science, tó jẹ́ ọdún márùn-ún, ni wọ́n ń fún. B.Sc. Microbiology nìkan kò gbé e dé ibẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó jáde pẹ̀lú èsì tó dára gan-an, tí wọ́n sunkún níwájú mi nítorí pé ẹnì kan ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí tàn wọ́n láìmọ̀.

Iṣẹ́ wà fún Microbiology. Oúnjẹ, omi, oògùn, ìwádìí, iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n kó mọ ohun tí ìwé rẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bó bá ń ronú láàbù ọsibítù, Medical Laboratory Science ni kó gbìyànjú láti yí sí.

Tọ́pẹ́ 4real

Ẹ ṣé, sà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà.

Kúnlé Onírò

Gbogbo yín ń jiyàn lórí bóyá kó lọ tàbí kó má lọ. Ohun tí Àǹtí Ṣeun sọ nípa 1.87 ni mo fẹ́ kí á padà sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó fẹ́ yí sí Medicine àti ẹni tó fẹ́ parí Microbiology, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ní láti ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. CHM 101 kan náà, BIO 101 kan náà, inú gbọ̀ngàn kan náà nígbà mìíràn. Èsì ọdún yẹn ni ẹ̀ka tó fẹ́ lọ máa kọ́kọ́ bèèrè. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ò ní kàwé torí òun fẹ́ kúrò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn tó fẹ́ gbà jáde.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ wo bó ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. First class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, 2:1 láti 3.50. Ká ní kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin jẹ́ yúníìtì 160, ogójì lọ́dún kan. Ẹni tó bá fi 2.90 parí 100 level ti kó àmì 116, ìyẹn 2.90 lọ́nà ogójì. Kó tó lè fi 3.50 jáde, 560 ló gbọ́dọ̀ pé. Ó ku 444 tó máa rí nínú yúníìtì 120. Ìyẹn ni pé 3.70 ló gbọ́dọ̀ máa gbà fún ọdún mẹ́ta gbáko, nígbà tí kọ́ọ̀sì sì ti ń le sí i. Ẹni tó bá fi 4.20 bẹ̀rẹ̀ ti kó 168, nǹkan bíi 3.27 ló kù tó nílò. Àwọn méjèèjì jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà o.

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní 100 level ni ọdún ìgbádùn.

Ẹ̀kejì: tẹ́ẹ̀sì máa ń kó 30 tàbí 40 nínú 100. Mo máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀, mo ní ìdánwò ni mo ń dúró dè. Ẹni tó bá gba 25 nínú 30 ti ní 25 nínú 100 lọ́wọ́ kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Fúnmi Ṣókí

Bó bá ní F ńkọ́? Mo gbọ́ pé tó bá tún un ṣe tó sì yege, wọ́n máa ń pa F yẹn rẹ́.

Kúnlé Onírò

Rárá, méjèèjì ni wọ́n ń kà. F yẹn wà níbẹ̀ títí láé.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ̀yin méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́, torí òfin ilé-ẹ̀kọ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọn kan ń ka méjèèjì, àwọn kan ń fi tuntun rọ́pò. Inú ìwé ìlànà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà, wọ́n máa ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni, àwọn tí mo rí tó kà á kò pọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó, ní ọ̀pọ̀ ibi ìdá 75 nínú 100, wọ́n lè má jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ni ìlànà yíyí kọ́ọ̀sì padà wà, ọjọ́ tí wọ́n ń pa fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé àti èsì tí wọ́n ń bèèrè.

Ní ti Medicine, n kò ní tan ọmọ náà. Àyè tí wọ́n ń fún àwọn tó fẹ́ yí wọ inú rẹ̀ kéré gan-an, níbòmíràn kò tilẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba ẹni tó ti ní B.Sc. tó dára wọlé nípasẹ̀ Direct Entry. Ọ̀nà tó jìn ni.

Ọ̀rọ̀ mi kejì rèé, ó sì ń dùn mí lọ́kàn: wọ́n ń bẹ̀rù wa. Ọmọ á ní ìṣòro, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú èsì, kò ní sọ fún course adviser rẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Ohun tí à bá fi ìwé kan yanjú lọ́sẹ̀ kejì, ó di ẹjọ́ ìgbìmọ̀ ní 400 level. Kó wá. Kó kan ilẹ̀kùn. Bí ẹnì kan bá lé e, kó lọ bá ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe olùkọ́, bá sì ń bèèrè ohun tí kò yẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má dá nìkan mọ̀ ọ́n: kó sọ nílé, kó sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i.

Bùkọ́lá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀, sà. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ti sọ ti kọ́ọ̀sì, èmi fẹ́ sọ ti ikùn.

Owó oúnjẹ oṣù kan ni mo ná tán lọ́sẹ̀ kan ààbọ̀. Mo ra aṣọ, mo ra bàtà, mo dáwó ọjọ́ ìbí fún ẹni tí mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fi gaàrí sùn. Ojú ń tì mí láti pe ilé. Ohun tí mo máa sọ fún ara mi ni pé kó ra gaàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti epo lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kó tó ra ohunkóhun. Kó sì pe ilé bí kò bá sí. Bàbá mi sọ fún mi nígbà tó yá pé òun ì bá jẹ gbèsè kí n má baà sùn pẹ̀lú ebi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà ńkọ́? Àwọn tó gbá mi mọ́ra lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ni mo bá jáde. Ẹni tó di ẹ̀gbọ́n fún mi títí dòní, ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú láàbù ni, tí kì í sọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin ni àbúrò yín, àǹtí. Ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn láìfi bò. Wọn kì í sọ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ìpàdé ọmọ ìlú ni wọn ó pè é, tàbí àríyá, lálẹ́, níbi tó jìn. Ẹni tó bá ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun pè é, kó má lọ.

Ọmọ Baálẹ̀

Ní ti owó, ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kan ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ìjọba yẹn. Gbèsè ni.

Fúnmi Ṣókí

Ọmọ Baálẹ̀, mo gba ẹ̀yáwó yẹn, NELFUND, mi ò sì kábàámọ̀. Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé, tààrà sí ilé-ìwé ni wọ́n ń san án, wọ́n sì ń fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù bó bá yàn án. Lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti ṣe NYSC tán ni sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀, bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ní ilé tí owó ò sí, tí bàbá ń ta ilẹ̀ torí owó ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ gbèsè dẹ́rù bà wọ́n.

Ọmọ Baálẹ̀

Kò burú. Ṣùgbọ́n kó kọ iye tó ń gbà sílẹ̀ lóṣooṣù.

Àṣàkẹ́ Aránṣọ

2019 ni mo wọlé, kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin. Kòrónà dé ní 2020, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU dé pẹ̀lú rẹ̀. Ní 14 February 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, October ni wọ́n tó padà. Oṣù mẹ́jọ. Oṣù méjì àkọ́kọ́, mò ń jí, mò ń wo fóònù, mò ń dúró kí wọ́n ní ó ti parí. Nígbà tó yá ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ládùúgbò. Aṣọ ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́fà ni mo rán kí iléèwé tó wọlé, òun ni mo fi san owó project mi.

Ẹ sọ fún un pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n kọ sínú ìwé lè má jẹ́ ọdún mẹ́rin. Kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, kó má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ Èkìtì

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, pàápàá ti Ẹ̀gbọ́n Wálé. Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Òótọ́ ni pé nílé wa, bàbá mi lè bọ́ mi fún ọdún mẹ́ta tí mo fi jókòó. Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà bá fẹ́ gbìyànjú JAMB lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wọlé ná, kó ṣe é láti inú ọgbà. Ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé òun ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbì kan. JAMB ti kìlọ̀ gidigidi lórí ìyẹn, ẹni tó bá fi pamọ́ lè pàdánù méjèèjì.

Àǹtí Ṣeun, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lálẹ́ àná. Ìtàn omi ògì ni ó ní kí n tún kà. Ìṣirò Kúnlé náà, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo ti wá mọ ohun tí mo máa sọ fún Ṣeun ẹnu géètì. Practical ọjọ́ Ẹtì kan wà tí mo pa jẹ ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn: kó lọ síbẹ̀. Ìyẹn nìkan. Ṣeun ìgbà yẹn ti sọ fún ara rẹ̀ pé kò ṣe pàtàkì, ó sì padà lọ sùn.

Àbúrò mi ní òun máa gba Microbiology náà. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa ṣe JAMB, òun máa kọ́kọ́ wo sáà àkọ́kọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ní òun ní ìbéèrè.

Àǹtí Ṣeun, Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àbúrò ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ. Yàtọ̀ sí oúnjẹ àti aṣọ, kí ni mo gbọ́dọ̀ mú dání tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé?

Ìyá Mọ́yìn, Ọ̀tà

Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìwé rẹ ni o. Èsì WAEC, ìwé ìgbàwọlé JAMB, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá mẹ́wàá nílé kó o tó kúrò, torí ìlà ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà lọ́sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tì náà, mú púpọ̀. Má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n fún ọ ní ìwé pé àwọn gbà á.

Bùkọ́lá, Abẹ́òkúta

Àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Tọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ẹ̀gì omi tó ní ìdérí, kó o kọ orúkọ rẹ sí i lára.

Alàgbà Láàbù

Aṣọ funfun láàbù, kó o rán an nílé, ó wọ́n jù nínú ọgbà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀.

Àṣàkẹ́ Aránṣọ

Ìbàdàn ni mo wà, Mọ́kọ́lá. Àǹtí Ṣeun, ẹ mú un wá lọ́la kí n wọ̀n ọ́n. Aṣọ láàbù náà máa ti ṣe tán kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, mi ò gba owó iṣẹ́.